Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì ń Bà Mí Lẹ́rù: Ṣé Kí N Dá A Dúró?

ÌBÉÈRÈ

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 63 ni mí, Peckham ní ìlú London ni mo ń gbé. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí ọkàn mi ti ń lù ségesège. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé wa lásán, ṣe ni yóò máa sáré bí ẹni pé ó fẹ́ já jáde láyà mi. Àwọn dókítà ní àwọn yóò fi iná mànàmáná dá lílù rẹ̀ padà sí bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo warfarin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni ara mi kò ti balẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fọ eyín, itọ́ tí mo tu sínú básíìnì pọ́n, apá mi sì dúdú níbi tí mo kàn fi kan ilẹ̀kùn fẹ́ẹ́rẹ́. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún wá sọ fún mi pé oògùn eku ni warfarin. Ẹ̀rù bà mí, n kò lo ó ní alẹ́ ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orí tún ń fọ́ mi, mo sì lo Alábùkún kan nínú èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta. Ó ku ọjọ́ méjìlá kí n lọ. Ṣé n kò ní ṣẹ̀jẹ̀ kú lórí bẹ́ẹ̀dì wọn? Ṣé kí n kúkú dá a dúró títí wọn yóò fi ṣe é tán? Ṣé òótọ́ sì ni pé n kò gbọdọ̀ jẹ ewédú mọ́?

Ìyá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo oògùn yìí mọ́ láìjẹ́ pé àwọn tí wọ́n fún yín ló ní kí ẹ fò ó, ẹ má sì fi ẹnu kan Alábùkún mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tí ń lo oògùn yìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń dùn mí jù ni àwọn tí ẹ̀rù bà, tí wọ́n rọra dá oògùn dúró, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin sọ tiyín, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí ibi tí wọn yóò là lára yín. Wọn yóò lẹ nǹkan pẹlẹbẹ méjì mọ́ yín lára, wọn yóò gún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú yín sùn fún ìgbà díẹ̀, iná yóò sì kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Awọ àyà lè máa ta yín díẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ nǹkan náà mọ́. Nítorí náà, ṣíṣẹ̀jẹ̀ kú lórí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni ó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù fún yín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí yàrá òkè inú ọkàn bá ń gbọ̀n dípò kí ó máa fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró sójú kan níbẹ̀, pàápàá ní apá òsì, nínú igun kékeré kan tí ó rí bí etí. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀kọ gbígbóná tí a bù sínú abọ́ tí a kò rò mọ́, bí ó ṣe máa ń dì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ inú igun yẹn ṣe lè dì. Ó lè wà níbẹ̀ kí ẹ má mọ̀. Ní ọjọ́ tí iná bá wá dá lílù ọkàn padà, tí yàrá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀, ó lè ti ìdì ẹ̀jẹ̀ náà jáde, kí ó gba ọ̀nà ọrùn lọ sí ọpọlọ, èyí tí í ṣe rọpárọsẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ní kí ẹ̀jẹ̀ yín ti wà lábẹ́ agbára oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó kéré tán, kí wọ́n tó fi iná kàn yín, kí ẹ sì máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé yàrá ọkàn kì í tètè lágbára bí ó tilẹ̀ ti ń lù déédéé. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ga, wọ́n lè ní kí ó máa lò ó títí ayé.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú ìwé aláwọ̀ yẹ́lò yín, tí wọ́n ń pè ní INR, òun ni ó ń sọ bóyá oògùn ti dé ibi tí a fẹ́. Ẹni tí kò lo oògùn, tirẹ̀ a máa wà ní nǹkan bí 1. Tiyín gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 2 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, wọ́n lè tún kíkà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì sún ọjọ́ yín síwájú, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba ọ̀nà ọ̀fun wo inú ọkàn bóyá ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀. Oògùn alẹ́ méjì tí ẹ fò lè ti fa nọ́ńbà yẹn wálẹ̀. Ohun tí ó dùn mí nìyẹn, nítorí ẹ ti rìn jìnnà.

Ní ti oògùn eku, òótọ́ ni arábìnrin yín sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà ń ṣẹ̀jẹ̀ kú nítorí koríko tí ó ti bu tí wọ́n ń jẹ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin wá èròjà tí ó fà á rí, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe warfarin, tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún pípa eku ní ọdún 1948. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti gbà á láyè fún ènìyàn, wọ́n sì fún Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí àìsàn ọkàn kọlù ú ní ọdún 1955. Ìwọ̀n ni ó ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gún orí ìka yín léraléra. Ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílígírámù 1 ní àwọ̀ búráùn, 3 jẹ́ búlúù, 5 jẹ́ píǹkì. Mo ti rí ẹni tí ó lo píǹkì mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ní kí ó lo búráùn mẹ́ta.

Itọ́ tí ó pọ́n díẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ eyín, àti apá tí ó dúdú níbi tí ẹ ti fi kan nǹkan, wọ́n wọ́pọ̀ lára àwọn tí ń lo oògùn yìí. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀, kí ẹ sì sọ fún kílíníìkì. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ìtọ̀ bá pọ́n, bí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ibì kan kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí orí bá ṣàdédé fọ́ yín gidigidi, tàbí tí ẹ fi orí gbá nǹkan, kódà kí ara yín le koko, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ tàbí kí ẹ pe 999. Oògùn tí ó lè pa agbára warfarin wà níbẹ̀.

Alábùkún tí gbogbo wa dàgbà bá nílé ní aspirin nínú, aspirin pẹ̀lú warfarin a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè ya, pàápàá nínú ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibuprofen àti diclofenac. Bí orí bá ń fọ́ yín fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ béèrè paracetamol. Flagyl, tí àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń rà lò fún inú rírun láìbéèrè, lè gbé INR sókè lọ́nà tí ó léwu gan-an. Àgbo sì rèé, ẹnikẹ́ni kò lè wọn ohun tí ó wà nínú ìgò rẹ̀ fún yín. Ẹ fi sílẹ̀ títí gbogbo èyí yóò fi parí.

Ewédú kò léèwọ̀. Fítámì K ni ó wà nínú rẹ̀, nínú tẹ̀tẹ̀ àti ugu pẹ̀lú, òun ni ara fi ń ṣe ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, òun gan-an sì ni warfarin ń bá jà. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ohun tí ó ń da nọ́ńbà rú ni kí ènìyàn má jẹ ẹ́ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó wá jẹ ìkòkò kan tán ní ọjọ́ ìsinmi.

Bí ẹlòmíràn tí ń ka èyí bá gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹnìkan dá warfarin dúró ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, iṣẹ́ abẹ tí a ó fi ọ̀bẹ ṣe nìyẹn máa ń sábà jẹ́, dókítà ni ó sì ń pàṣẹ rẹ̀.

Ní báyìí, Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ìwé aláwọ̀ yẹ́lò yín, kí ẹ pe kílíníìkì lónìí kí àkókò oògùn alẹ́ tó tó. Ẹ sọ fún wọn pé alẹ́ méjì ni ẹ fò, ẹ dárúkọ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín, ẹ sì sọ ti Alábùkún, pé aspirin ni. Ẹ má ṣe lo ìlọ́po méjì láti fi dípò èyí tí ẹ fò. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, wọn yóò sọ ìwọ̀n tí ẹ máa lò lálẹ́ òní, wọn yóò sì sọ fún yín bóyá ọjọ́ méjìlá yẹn ṣì dúró.