Àròkọ ni àbí ọ́bíjẹ́ẹ̀tìfù? Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Ìbéèrè: Ẹ̀ka wa ń múra ìdánwò sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Àwọn àgbà ní àròkọ ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn, àwa ọ̀dọ́ fara mọ́ ọ́bíjẹ́ẹ̀tìfù. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo gbè, àmọ́ kì í ṣe pátápátá. Àròkọ mẹ́rin ti gba gbogbo àkókò tán, orí ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré lẹ sì dán wò. Ẹni tí orí rẹ̀ bá bá a ṣe ti yege nìyẹn. Tí olùkọ́ méjì bá tún máàkì ìwé kan náà, iye tí wọ́n máa fún un lè má bára mu. Láàárín wákàtí kan náà, ọ́bíjẹ́ẹ̀tìfù á kárí gbogbo iṣẹ́ ọdún náà.

Àwọn àgbà á ní àkọ́sórí nìkan ni ọ́bíjẹ́ẹ̀tìfù ń dán wò. Ọwọ́ ẹni tó kọ ìbéèrè lèyí wà. Ẹ fi aláìsàn sínú ìbéèrè: obìnrin ẹni ọdún 26, ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú ara, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti pẹ́. Àyẹ̀wò wo ló kàn? Ẹ wá fi ọwọ́ bo àwọn ìdáhùn: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ lè dáhùn láì wò wọ́n.

Ibi tó kù sí nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ tí oyún kò wá sí lọ́kàn rárá á rí “àyẹ̀wò oyún” nínú ìdáhùn márùn-ún, á sì rántí. Aláìsàn kì í gbé ìdáhùn wá. Fún irú ìbéèrè báyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn kọ ìdáhùn ní ọ̀rọ̀ kan sí márùn-ún, kí ẹ sì ti fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tẹ́ ẹ máa gbà.

“Òótọ́ tàbí irọ́” ní tiẹ̀, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹni tó kàn méfò ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún láti gbà á. Tí ìdáhùn bá jẹ́ márùn-ún, 20 ni.

Ẹ fi àròkọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ń fẹ́ àlàyé, bíi aláìsàn tó kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, kí olùkọ́ kan ṣoṣo sì máàkì rẹ̀ fún gbogbo wọn. Ní ti bóyá wọ́n lè yẹ ikùn wò dáadáa, ìwé kankan kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.