Èsì: Àpótí òfìfo nínú àkọsílẹ̀ Santali

Ẹ bèèrè ìdí tí ẹ fi ń rí àpótí òfìfo dípò lẹ́tà nínú àkọsílẹ̀ Santali, èdè kan ní Íńdíà. Fọ́ńtì, ìyẹn fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń ya lẹ́tà, ni kò sí. Ẹ fi fọ́ńtì Noto Sans Ol Chiki sórí kọ̀ǹpútà yín, àpótí òfìfo tí ẹ ń rí yẹn á di lẹ́tà. Ìyẹn bó bá jẹ́ Ol Chiki, lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún Santali, ni wọ́n fi kọ ọ́ o. Ìwé Santali mìíràn wà ní lẹ́tà Bengali tàbí Látìn.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó ṣe lẹ́tà Ol Chiki. Raghunath Murmu ni, olùkọ́ ará Mayurbhanj ní Odisha, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. 1925 ló gbé e jáde, lẹ́tà 30. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé orúkọ lẹ́tà ní ìtumọ̀: “ot” ni wọ́n ń pe ᱛ, ilẹ̀ sì ni ot. A, b, d tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Murmu kú ní 1982. 2003 ni wọ́n tó fi Santali kún àwọn èdè tí òfin ìpilẹ̀ Íńdíà dárúkọ.