Ibi Tó Dákẹ́ Láàárín Ìgbì Kọ́ Ni Kí Ẹ Kó Ọmọ Sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni a sì bí. Nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ oṣù kẹjọ yìí, a fẹ́ lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti òkè Ìdànrè, kí a sì parí rẹ̀ sí etí òkun ní Èkó. Ìyá ọkọ mi, tí orúnkún ń dùn, yóò bá wa lọ. Ọkọ mi mọ omi wẹ̀ dáadáa, ẹnìkan sì ti sọ fún wa pé ibi tí ìgbì kò bá ti ru létí òkun ni kí a wá fún àwọn ọmọ. Ṣé oṣù kẹjọ dára fún irú ìrìn àjò yìí, níwọ̀n ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Kí n tó dé orí òkè tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú gbólóhùn kan nínú ohun tí ẹ kọ, nítorí pé lọ́dọọdún ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìdílé tí mò ń mú káàkiri, ó sì máa ń bí mi nínú jù nígbà tí ó bá jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní amọ̀nà ló sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó ní kí ẹ wá ibi tí ìgbì kò ti ru kò fẹ́ ibi fún yín, ṣùgbọ́n ibi tó léwu jù ní gbogbo etí òkun náà ló júwe.

Láti Àgbádárìgì títí dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, àti ní ìhà Kùtọnu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, gbalasa ni etí òkun wa wà níwájú Àtìláńtíìkì, kò sí erékùṣù tàbí àpáta kan lójú omi tó ń gba ìgbì dúró fún un. Níbi tí kò jìnnà sí etí, omi a máa kó yanrìn jọ sábẹ́ bí ebè. Nígbà tí ìgbì bá kọlu ebè yìí, yóò wó, yóò di funfun, omi rẹ̀ yóò sì ya wá sórí iyanrìn. Omi tó ya wá yìí kò lè dúró síbẹ̀, ó ní láti padà. Níbi tí ebè náà bá ti já, omi ibẹ̀ jìn ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìgbì kì í sábà wó níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni omi tó kóra jọ sí etí máa ń gbà padà sójú agbami. Ìṣàn yìí ni àwọn adóòlà ẹ̀mí ń pè ní rip current. Ẹni tó dúró lórí iyanrìn yóò rí ọ̀nà tóóró kan tí ó tẹ́jú, tí ó dúdú díẹ̀, tí ìfófó funfun wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, yóò sì rò pé òkun ti fi àyè sílẹ̀ fún òun. Ẹ ju èèpo àgbọn kan síbẹ̀ kí ẹ máa wò ó: bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí etí tí ó sì ń lọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé kò séwu, nítorí pé ìṣàn náà a máa dá, a sì tún máa bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èyí tó lágbára nínú ìṣàn wọ̀nyí lè sáré ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí òmùwẹ̀ tó lè dojú kọ irú rẹ̀ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn adóòlà etí òkun ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú ènìyàn 10 tí àwọn ń fà yọ nínú ìgbì, ó máa ń tó 8 tó jẹ́ pé ìṣàn yìí ló gbé wọn. Kì í fa ènìyàn wọ ìsàlẹ̀ omi gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe gbà gbọ́. Iwájú ló ń gbé e lọ, àárẹ̀ sì ni ó ń pa ẹni tó bá ń bá a jà láti padà sí etí. Ìdí nìyí tí mímọ omi wẹ̀ ọkọ yín kò fi fi mí lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni ó sábà máa ń bá a jà. Bí ó bá gbé ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó fẹ̀yìn lé omi, kí ó na ọwọ́ kan sókè, kí ó ké, kí ó sì jẹ́ kí ó gbé òun títí agbára rẹ̀ yóò fi rẹlẹ̀; lẹ́yìn náà ni kí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, kí ó tó padà wá pẹ̀lú ìgbì. Kí ẹni tó wà lókè má bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu pinpin, tí a so okùn mọ́, wúlò ju akọni kejì tí omi yóò tún gbé lọ.

Ní ti oṣù kẹjọ, òótọ́ ni pé òjò a máa fúnni láyè, ṣùgbọ́n òjò kọ́ ni ó ń rán ìgbì sí wa. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí Èkó, ni ó ń ti ìgbì wọ̀nyí wá, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì máa ń le jù. Oòrùn lè máa ràn, kí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí òkun sì máa bínú. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì ni ó máa ń rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni omi Olúmirìn ń gbẹ lọ. Nítorí náà, ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹ lọ wo òkè ní oṣù kẹjọ, kí ẹ sì fi òkun sí ọdún Kérésìmesì.

Bí àwọn ọmọ bá sì ti wonkoko mọ́ òkun, Tarkwa Bay ni n ó ní kí ẹ lọ. Ògiri òkúta tó dáàbò bo ẹnu èbúté Èkó ni kì í jẹ́ kí ìgbì ńlá dé inú rẹ̀, èyí sì yàtọ̀ pátápátá sí ibi tó dákẹ́ láàárín ìgbì. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ó wọ̀ débẹ̀. Kí gbogbo yín wọ life jacket, títí kan ìyá ọkọ yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, kí ọmọ má jìnnà ju ibi tí ọwọ́ yín lè tó, kí ẹ má sì gbé wọn sórí túùbù táyà, nítorí pé afẹ́fẹ́ lè ti túùbù lọ kí ẹ tó yíjú padà. Ní àwọn etí òkun yòókù, orúnkún àgbàlagbà ni kí omi mọ, ẹ má sì sún mọ́ àwọn òkìtì òkúta tí wọ́n kó wọ inú omi, nítorí pé ìṣàn kan náà a máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn. Àsíá pupa túmọ̀ sí pé kí ẹ má wọ̀ ọ́. Ohun tí mo kọ yìí kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ adóòlà tó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Bí kò bá sí adóòlà, ẹ gun ẹṣin, ẹ jẹ súyà, kí ẹ sì padà sílé.

Òkè kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni yóò gbé yín dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni Olúmirìn ní, ẹ dúró sí ìpele kìn-ín-ní pẹ̀lú àwọn ọmọ, nítorí pé òkúta òkè a máa yọ̀ ní àsìkò yìí. Bí omi bá sì ṣàdédé pọ̀ sí i tàbí tí ó dọ̀tí, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, kì í ṣe ti orúnkún ìyá ọkọ yín. Ẹ gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè gbé wọn lọ sí Ìkọgòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta omi náà fún wọn ní oògùn orúnkún. Ní ọjọ́ Ìdànrè, kí wọ́n sinmi ní Àkúrẹ́. Kí ọkọ yín àti ọmọ tó bá lágbára tètè gun òkè náà ní òwúrọ̀, kí wọ́n wo ààfin àtijọ́, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí òjò ọ̀sán tó bá wọn lórí àpáta.