Yanrìn nínú oògùn, èèpo edé lára rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Apòògùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Atalẹ̀ pupa ni mo ń lọ̀ tà ní Kétu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Yunifásítì Àbọ̀mé-Kàlàfí ní àwọn onímọ̀ ń kó oògùn sínú yanrìn, wọ́n á sì fi ohun tí wọ́n yọ lára èèpo edé bò ó. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé yanrìn ò ní ba ìfun jẹ́? – Ìyá Ìbejì, Kétu.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì, atalẹ̀ yín gan-an sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán an wò. Ẹ bu ṣíbí kan sínú ife omi, ẹ rò ó, ẹ gbé e sílẹ̀. Omi á pọ́n díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì sílẹ̀. Kọkumin tó fún un láwọ̀ kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ìmọ́lẹ̀ sì ń bà á jẹ́. Ìba díẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ilé fún un.

Sílíkà ni ilé náà. Ìran yanrìn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí. Láàbù ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí ẹ bá to 10,000 ẹyọ tó jẹ́ 100 nánómítà, mìlímítà 1 péré ni. Síbẹ̀ ihò kún inú rẹ̀ bí afárá oyin. Lọ́dún 1992 ni àwọn onímọ̀ Mobil ní Amẹ́ríkà ròyìn irú rẹ̀. Ní 2001, wọ́n kó ibuprofen, oògùn ìrora, sínú rẹ̀ ní Sípéènì.

Ihò tí kò ní ìdérí, ohun inú rẹ̀ á ti dà nù lọ́nà. Kítósánì, tí wọ́n ń yọ lára èèpo edé àti akàn, ń wú, ó sì ń yòrò níbi tí omi kíkan bá wà, bí inú agbẹ̀du. Àlíjínéètì, ìdérí mìíràn tó ń ti ewéko òkun wá, ń sún kì níbẹ̀, ìfun ló ti ń tú. Èyí ni mo fẹ́ jù fún ohun tó yẹ kó kọjá agbẹ̀du. Mo rí ìyá kan ní farmasí rí tó ń tú kápúsù ọmọ rẹ̀ sínú ògì. Ó dùn mí, torí ó ti bọ́ aṣọ tó yẹ kó dáàbò bo oògùn náà.

Ní ti ẹ̀rù yín: eruku òkúta tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń fà símú, ìyẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èyí yàtọ̀. Ẹ wo ara páálí àwọn èròjà oníyẹ̀fun: tí ẹ bá rí E 551, sílíkà ni, kó má baà dì. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré tó báyìí ń fẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé e wá sọ́jà yín lónìí, ẹ má rà á. Epo ń yọ́ kọkumin. Ẹ máa fi epo se atalẹ̀ yín lọ. Kí ẹ sì bi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín léèrè: aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un, níbo ló sì ti ń tú?