"Tútù Lẹja Ṣe é Ká": "Ká" Wo Ni?

Ẹnì kan bi mí pé kí ni òwe "Tútù lẹja ṣe é ká, bó bá gbẹ tán, kíkán ní í kán" túmọ̀ sí, torí òun gbọ́ àlàyé kan lórí rédíò n'Ílọrin. Èmi náà gbọ́ ọ, inú bí mi débi pé mo pa rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní "ká" yìí ni bí a ṣe ń ká ilá, pé kí èèyàn tètè kó èrè rẹ̀ kó tó bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, orí igi wo lẹja ti ń so?

"Ká" yìí ni ti ejò tó ká jọ, ti ẹní tí a ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé kékeré lọmọ ti ṣe é tọ́, kó tó dàgbà, kó tó le. Òwe àwọn ìyá tó ń yan ẹja ni, kì í ṣe ti apẹja. Mo sì lè búra pé àrọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ó gùn gbọọrọ, ó sì ń mí afẹ́fẹ́, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá rù ú láti odò délé, ààyè ló ṣì wà nínú igbá. Ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn á ti kú lọ́nà, ara wọn á ti le. Àrọ̀ ní í dúró de ọwọ́ tó fẹ́ ká a.

Ìyá mi àgbà ní Ọ̀fà ló kọ́ mi, pẹ̀lú ẹja odò Ọ̀yun, lásìkò òjò. Wọ́n á fi iyọ̀ fọ omi yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fa ìrù wá bá ẹnu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á wá fi igi tín-ín-rín gún un pọ̀ kó má baà tú. Ẹja tó bá ká kì í gba àyè lórí iná, ẹ lè yí i padà kó má fọ́, ó sì ń wọ agbọ̀n wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan mo sá lọ ṣeré, mo pa ọ̀kan tì láti àárọ̀. Nígbà tí mo dé, mo fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kán sí mi lọ́wọ́. Wọn kò nà mí. Wọ́n wo ẹja, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ìyẹn ti di ọbẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn òbí tó ń torí òwe yìí gbé pàṣán. Ẹni tó bá fi agbára ká àrọ̀, bó tilẹ̀ tutù, á dá a lẹ́yìn ni. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò" tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn, àdá ló wà nínú ìyẹn. "Orí lẹja fi ń labú" sì rèé, ti ìsọmọlórúkọ ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Lónìí, bí ẹ bá ní "ẹja tútù", ṣáwà inú yìnyín lọmọ yín ń rò, èyí tó le ju igi ìdáná lọ. Ta ni yóò ká ìyẹn? Kíká ni àrọ̀ ti ń ti Jẹ́bà létí Odò Ọya wọ Ìlọrin. Ọmọ ọmọ mi gbé ọ̀kan lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní: "Màmá, ṣé báyìí ló ṣe ń sùn nínú omi?"