Télọ̀ Inú Ìtàn Rẹ Kò Ní Àwáwí

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọmọlúàbí ni télọ̀ inú ìtàn rẹ títí dé orí kẹrin, pé ní orí karùn-ún ló kó owó ogún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé jẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kà á, wọ́n ní irọ́ ni, èèyàn kì í yí padà báyẹn. Ó dùn ọ́ débi pé o fẹ́ fa ìwé náà ya. Jọ̀wọ́, má fà á ya.

Olè tó jà kọ́ ni wọn ò gbà gbọ́. Àwáwí rẹ̀ ni wọn ò rí. Olójúkòkòrò kì í pe ara rẹ̀ lólè, àwáwí tó kọ́kọ́ ń ṣe máa ń jẹ́ irú èyí tí àwa náà lè ṣe: "Mo kàn yá a ni, màá dá a padà lóṣù tó ń bọ̀." Torí náà, padà sí orí kejì. Fún un ní àìní gidi tó níye, bíi gbèsè ẹ̀rọ ìránṣọ. Kó mú kìkì iye tó máa fi san gbèsè yẹn, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní orí kẹta, kó dá díẹ̀ padà, kó tún wá mú ju èyí tó dá padà lọ. Nígbà tó bá fi máa di orí kẹrin, kó má kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ńkọ́? "Owó àwọn ọmọ" ló kọ́kọ́ ń pè é. Ó di "owó tó wà lọ́wọ́ mi". Ó wá di "owó mi". Má ṣàlàyé rẹ̀ rárá. Ibi tó o ti kọ ọ́ pé "ojúkòkòrò ti gbà á lọ́kàn", pa á rẹ́, torí o ti gba iṣẹ́ òǹkàwé ṣe.

Má sì gba gbogbo oore lọ́wọ́ rẹ̀ o. Kó ṣì máa rán aṣọ fún àwọn ọmọ náà, kó tiẹ̀ máa rán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí aṣọ yẹn ló fi ń pa ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ tí èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn bá rọra béèrè owó ilé-ìwé, kó jágbe mọ́ ọn. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ló máa ń tú àṣírí kí ẹnikẹ́ni tó ka owó.

Jàǹbá ọkọ̀ tó o fi pa á níparí, yọ ọ́. Kò tinú ohun tó ṣe wá.

Má tíì fọwọ́ kan orí karùn-ún. Tún orí kejì sí ìkẹrin kọ ná, kó o tó wá wò ó bóyá ó ṣì nílò gbogbo àlàyé tó wà níbẹ̀.