Bátìrì yín ò tíì bàjẹ́, òtútù ni

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, tẹ́ẹ ní mọ́tò oníná yín ò rìn jìnnà mọ́ látìgbà tí òtútù ti dé yẹn, kì í ṣe pé bátìrì ti bàjẹ́ o. Òtútù máa ń jẹ́ kí bátìrì falẹ̀, hítà náà tún ń fa iná lára ẹ̀, torí kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná níbẹ̀. Èmi o, kí n tó yọ wáyà tí mo fi ń chájì mọ́tò láàárọ̀ màá ti tan hítà sílẹ̀ bíi 20 ìṣẹ́jú, yìnyín ojú gíláàsì á ti yọ́ tán, iná ilé ló sì jẹ. Tí mo bá wọnú mọ́tò, hítà ìjókòó ni mò ń lò jù. Tó bá sì jẹ́ chájà tó ń yára lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ wakọ̀ díẹ̀ ná, bátìrì tó tutù kì í tètè gbaná.